Abẹ́rẹ́ Kejìlá

Èyíwùnmí,

Ìyá Délé ìsàlẹ̀ ti wá mú mi lọ sí ìpàdé àdúrà. Ọbẹ̀ wà nínú fíríìjì.

Má pariwo: mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin ará Kòríà tó ń fi abẹ́rẹ́ wo orúnkún ní ìlú Laurel láàárọ̀ yìí. Gbogbo ohun tó o ní kí n ṣọ́ ni mo ṣọ́. Ó bi mí nípa oògùn tí mò ń lò kó tó fọwọ́ kàn mí, ìṣojú mi ló sì ti tú abẹ́rẹ́ méjìlá nínú ọ̀rá, tuntun pátá.

Obìnrin náà wú mi lórí. Nígbà tó yọ wọ́n, mọ́kànlá ló kà. Ó ní kí n má dìde. Ó gbọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀ wo ilẹ̀, arúgbó bíi tèmi! Àṣé ọ̀kan ti bọ́ nígbà tí mò ń sinmi, èmi télọ̀ sì ti mú un gún ọrùn bùbá mi bí mo ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Kò bú mi. Ó sọ ọ́ sínú ike pupa tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ń da abẹ́rẹ́ àlòkù sí, ó wá rẹ́rìn-ín.

Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ, mi ò ka abẹ́rẹ́ rí. Mo délé, mo yẹ àga pálọ̀ tí mo ti ń rán aṣọ Morọ́láyọ̀ ọmọ rẹ wò. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀.

Má bínú. Má tíì jẹ́ kí ọmọ rẹ sùn síbẹ̀ o. Bá mi tún un yẹ̀ wò, torí mi ò mọ iye tí mo fi síbẹ̀.

Màmá ẹ