Ẹ Bá Mi Yọ Ẹkún Mi Kúrò Nínú Fídíò Ewúrẹ́

Yàrá Kẹrin, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Orin àti Fídíò,
Ọ́fíìsì Kejì, Ilé Ìjọba Àtijọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸKÚN Ọ̀FỌ̀ TÍ WỌ́N SỌ DI ÌGBE EWÚRẸ́

1. Oníjó ni mí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Bí ẹ bá ti rí fídíò àwàdà tí wọ́n fi sín orin ìfẹ́ kan jẹ, níbi tí ìyàwó tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ ti di ewúrẹ́ funfun tó wọ bàtà gogoro pupa, èmi ni ewúrẹ́ náà. Ẹ kò lè dá mi mọ̀, nítorí láti orí dé ẹsẹ̀ ni wọ́n bò mí.

2. Fóòmù ni wọ́n fi ṣe orí aṣọ náà, ó sì wúwo. Kí ó má baà máa yí kiri bí mo bá ń fò, aránṣọ wa a máa rán ọrùn rẹ̀ mọ́ ara aṣọ lẹ́yìn tí mo bá wọ̀ ọ́ tán. Nítorí ooru inú rẹ̀, wọ́n fi máíkì kékeré kan há abẹ́ àgbọ̀n mi, kí n lè ké pè wọ́n bí èémí bá fẹ́ wọ́n mi. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ohun tí mo bá sọ síbẹ̀ yóò wọ inú orin.

3. Lọ́jọ́ tí à ń ya fídíò náà, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, aránṣọ fi fóònù mi sí ihò imú ewúrẹ́, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ohùn lè gbà wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń pè. Ó ní màmá wa ti dákẹ́. Ó ní omi ni wọ́n béèrè, kí òun tó bu ú dé, wọ́n ti lọ.

4. N kò ní purọ́ fún yín: èmi ni mo ní kí wọ́n má tú mi. Aránṣọ ti mú abẹ dání. Ìran kan péré ló kù, oòrùn ti ń lọ, èèyàn mẹ́tàlélógún ló sì ń dúró dè mí. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá wọ orí kì í bọ́ ọ kí iṣẹ́ tó parí; ọ̀lẹ là ń pe ẹni tó bá dán an wò. Mo bẹ aránṣọ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe ni, ó sì ń dùn mí dọ́kàn. Mo jó. Mo fò, mo ju ìdí, mo pòyì lẹ́ẹ̀mẹta bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo sì ń pe ìyá mi. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Inú orí ewúrẹ́ ni tèmi wà, n kò rí nǹkan kan.

5. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Olùdarí gbá mi lẹ́yìn, ó ní ta ló kọ́ mi ní irú ẹkún ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀lé e ni mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ lọ́ ohùn mi, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ìgbe ewúrẹ́, wọ́n sì fi ṣe ègbè orin. Ó ti di ohun tí fóònù ń ké báyìí. Ti onímọ́tò tó gbé mi lánàá ké lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó sọ̀kalẹ̀.

6. Mo lè fara da ìyẹn. Ti bàbá mi ni n kò lè fara dà. Ojú bàbá kò ríran mọ́. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ wá. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí alájọgbé wa kan ń fi fídíò náà rẹ́rìn-ín. Bàbá dìde, wọ́n ń táràrà, wọ́n ń béèrè ẹni tó ń na ọmọ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní orin ni. Bàbá ní orin kọ́, àwọn mọ ẹkún ọmọ àwọn. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù ẹnikẹ́ni bá ti ké báyẹn ládùúgbò, wọn a máa pe orúkọ mi. Èmi a dáhùn pé mo wà, kò sí nǹkan tó ṣe mí. Bí n kò bá sí nílé ńkọ́? Wọn kì í gba ẹlòmíràn gbọ́, wọn a kàn máa fọwọ́ tọ ògiri wá mi kiri ni.

7. Mo ti lọ bá olùdarí lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tó gbọ́, ó káwọ́ lérí, ó bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ó ní ohùn yẹn gan-an làwọn èèyàn torí ẹ̀ ń wò ó, pé bí òun bá yọ ọ́, fídíò náà kú nìyẹn. Mo ní màmá mi náà kú.

8. Ẹ dákun, ẹ pàṣẹ kí wọ́n yọ ohùn mi kúrò, kí wọ́n lọ gba ti ewúrẹ́ gidi sílẹ̀. Ewúrẹ́ kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ijó dúró. Bí ayé bá ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ mi ni, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ijó ni wọ́n bẹ̀ mí fún, mo sì jó o fún wọn. Ẹkún yẹn, ìyá mi ni mo sun ún fún.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù ka ìwé mi dópin.

Èmi ni tiyín nínú ìbànújẹ́,

Ẹlẹ́sẹ̀-Fúyẹ́,
Oníjó, àbígbẹ̀yìn ìyá rẹ̀.