Tọ́ọ̀ṣì Tí Mo Fún Bàbá

Ọjọ́ Ẹtì, Iléṣà

Ojú Bàbá ò bàjẹ́. Ọlọ́run, mo dúpẹ́.

Láti ọjọ́ Ajé ni ọkàn mi ò ti balẹ̀, nígbà tí mo tú tọ́ọ̀ṣì lésà aláwọ̀ ewé kan, tó ń ta ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín lọ jìnnà, wò ní láàbù, yàrá ìwádìí wa níbi iṣẹ́; irú èyí tí mo rà fún un ní Ọjà Ọba gan-an ni. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí ló ń wọ inú kírísítálì kékeré inú rẹ̀, òkúta kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ibẹ̀ ni ẹyọ ìmọ́lẹ̀ náà ti ń para pọ̀ ní méjì-méjì di ẹyọ kan tó láwọ̀ ewé. Èyí tí kò bá para pọ̀, gíláàsì kan ló yẹ kó dá a dúró. Kò sí gíláàsì níbẹ̀ rárá! Ó kàn ń jáde bẹ́ẹ̀, ó sì lè jó ojú.

Láti ìgbà tí orúnkún ò ti jẹ́ kí Bàbá gun igi mọ́, tọ́ọ̀ṣì yẹn ló fi ń tọ́ka sí obì tó gbó fún alágbàṣe rẹ̀. Ó tún wá ní ojú òun ń ṣomi.

Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò títí lónìí. Ó ní ọjọ́ orí ni, kò síbi tó jó.

Inú ọkọ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì náà fún Bàbá. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ìwọ lo ní n ò gbọdọ̀ wo ẹnu ẹ̀? Mi ò wò ó rí."

Mo ti gbàgbé pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi, tí kì í gbọ́rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, gbọ́ tèmi!

Mo gba tọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Tètè fi gíláàsì ẹ sí i, kí o gbé e padà wá. Obì ò ní dúró dè ẹ́."