Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Àpọ̀kẹ́ Ṣe To Iṣẹ́ Ilé Tí Mo Rà

                                                        Ilé Awóṣùsì Àtijọ́,
                                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                                        Arámọkọ, Ilẹ̀ Èkìtì.
                                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, 1888.

Ọmọ́tọ́ṣọ́, ọ̀rẹ́ mi tó ti di ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa ni o ń jí? Ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń dùn ọ́ bí òjò bá ti ṣú ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá arúgbó tó fún wa ní yàrá nígbà tí a kọ́kọ́ ti oko ẹrú dé Abẹ́òkúta, ṣé wọ́n ṣì ń fi ọ̀pá lé ewúrẹ́ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn? Bá mi kí wọn kí o tó ka èyí tó kù. Ní tèmi, ara le. Àníkẹ́ aya mi ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ọjọ́ karùn-ún rèé tó bí ọmọbìnrin kan tí igbe rẹ̀ ń dé ọjà. Bá wa yọ̀.

Mo ti ra ilé. Má rẹ́rìn-ín. Èmi náà mọ̀ pé kíkọ́ ni à ń kọ́lé nílẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í rà á bí ẹni ra iṣu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà délé lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà tó parí ogun, igi ni mo bá tó hù láàárín yàrá tí wọ́n bí mi sí. Awóṣùsì, àgbẹ̀ kan tó ti kó lọ bá àwọn àna rẹ̀ ní Ìjerò, ní ilé tó ṣófo níbí. Àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ jókòó pẹ̀lú tiwa, wọ́n sì fẹnu kò pé kí n gbà á. Yàrá mẹ́fà ni, wọ́n yí àgbàlá ká. Òrùlé ọwọ́ ìwọ̀-oòrùn ti jẹrà, ikán ti jẹ ìlẹ̀kùn iwájú tán, ilẹ̀ ilé sì rí kòtò-kòtò bí ibi tí adìyẹ ti ń tan ilẹ̀.

Kí n tó wọ ibẹ̀ rárá ni ètò tèmi ti wà lọ́kàn. Ṣé o rántí ìlẹ̀kùn aláwẹ́ méjì ti oníṣòwò epo tó wà lójú ọ̀nà wa? Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti ra irin tí a ó fi so ó mọ́ ògiri láti Abẹ́òkúta, mo sì rù ú délé. Mo fẹ́ kí àwọn tó rò pé mo ti kú sóko ẹrú máa kọjá níwájú ilé mi, kí wọ́n máa yí ọrùn wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi Àpọ̀kẹ́ ló da ètò náà rú. Àwọn nìkan ni ogun kò kó lọ nínú àwa ọmọ ìyá wa. Nígbà tí àwa wà lóko ẹrú, orí òkè Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n ń sá kiri. Ilé mẹ́ta ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ láàárín ọdún mẹ́wàá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì fi sílẹ̀ sá. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wo ilé yìí, òjò ńlá dé. Gbogbo wa sá wọ abẹ́ òrùlé, ẹ̀gbọ́n mi dé akẹtẹ̀, wọ́n jáde sínú òjò náà! Wọ́n ń tẹ̀ lé omi kiri, láti àgbàlá dé ẹ̀yìnkùlé, bí ẹni ń tọ ẹsẹ̀ ẹran. Èmi àti Àníkẹ́ rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n mú ẹfun, wọ́n fa ìlà sára ilé. Wọ́n fa ìlà kan sí ògiri ẹ̀yìn, níbi tí omi òkè ti ń wá dúró: iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, kí a gbẹ́ ojú àgbàrá. Wọ́n fa méjì sí abẹ́ òrùlé tó jẹrà, mẹ́ta sí ẹsẹ̀ ògiri tó ti rọ̀, mẹ́rin sí ilẹ̀ ilé. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló gba ìlà márùn-ún. Inú bí mi. Mo ní ṣé ẹ̀yìnkùlé ni àlejò ń gbà wọlé ni? Wọ́n ní, "Fádípẹ̀, ulé kì í ti iwájú wó. Ẹ̀yìn ni í ti í bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò."

Mi ò gbà. Wọ́n padà sí Ẹ̀fọ̀n lọ kó ẹrù wọn, mo sì ránṣẹ́ pe Fágbóhùn, ẹni tó ń mọ ilé fún gbogbo àdúgbò wa, pé kó bá mi fẹ ẹnu ọ̀nà iwájú. Ọjọ́ méjì ló fi gé ògiri. Ní ọjọ́ kẹta, òjò bẹ̀rẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Nígbà tí oòrùn ìbá ti mú, ẹ̀gbọ́n mi wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí, omi ń kán lára wọn. Wọ́n wo ihò tí a gé. Wọ́n kọjá lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí Àníkẹ́ dùbúlẹ̀ sí pẹ̀lú oyún oṣù méje, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ògiri.

"Àníkẹ́, dìde. Gbé ẹní rẹ, kó o jáde."

Wọn kò pariwo. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní kí n gbé àpótí dípò kí n máa bi wọ́n léèrè. A kó ẹrù jáde tán, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a tilẹ̀ ti jẹ iṣu sísun, mo ti ń rò pé ojora àgbà lásán ni, kí a tó gbọ́ gbì! Ògiri ẹ̀yìn ti ya lulẹ̀. Ibi tí orí aya mi wà láàárọ̀ ni amọ̀ náà kó jọ sí, ó ga dé orúnkún mi.

Ọmọ́tọ́ṣọ́, mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Mo retí pé wọn yóò bú mi, nítorí mo yẹ fún èébú. "Dìde," ni wọ́n wí, "ilẹ̀ tútù." Wọ́n mú ọkọ́, wọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ojú àgbàrá nínú òjò yẹn kan náà. Fágbóhùn wò wọ́n díẹ̀, ó bọ́ dàńṣíkí rẹ̀, ó mú ọkọ́ kejì. Èmi mú ìkẹta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi òkè ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá lọ sí odò, kò dúró mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti ń sọ ọ́ láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Láti ìgbà náà, ìlà ẹfun ni à ń tẹ̀ lé. A ti fi ewé gbòdògì bo òrùlé. Ògiri ẹ̀yìn ti dìde, ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ ọjọ́ tí ipele kan yóò fi gbẹ kí Fágbóhùn tó gbé òmíràn lé e, bí ó bá sì ń kánjú, wọ́n á jókòó lé amọ̀ rẹ̀! Ilẹ̀ ilé ti ń dán lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹní ló ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú, àwọn kan sì ń fi í ṣe mí yẹ̀yẹ́. Kò dùn mí mọ́. Bí mo bá rí ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ọmọ mi lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ yẹ ẹ̀bá ògiri wò, mo máa ń bi ara mi léèrè ibi tí obìnrin tí ilé mẹ́ta bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ti rí sùúrù tó fi ń to ìkẹrin, tó sì jẹ́ pé ilé ẹlòmíràn ni.

Bá mi kí gbogbo àwọn tí a jọ kọ́ ìwé kíkà. Sọ fún aya rẹ pé Àníkẹ́ ń bèèrè rẹ̀. Oníṣòwò aṣọ tó mú lẹ́tà yìí wá yóò padà sí ọ̀nà ibí lẹ́yìn ọjà mẹ́ta, fi èsì rán an.

Ó ku ohun kan. O kọ̀wé lọ́jọ́sí pé ilé yín ní Ìjùrìn ti parun, pé kò sí ibi tí o fẹ́ padà sí. Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi. Láàárọ̀ àná, wọ́n pè mí sí yàrá kẹfà tí Fágbóhùn ń tún mọ, wọ́n bi mí bí o ṣe ga tó. Mo na ọwọ́ sókè. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n mi orí. "A kì í fi ọwọ́ ẹlòmíràn wọn ènìyàn. Kọ̀wé sí i, kí ó wá dúró síbí fúnra rẹ̀." Wọ́n sì ti ní kí Fágbóhùn má gbé àtẹ́rígbà lé ẹnu ọ̀nà yàrá náà títí ìwọ yóò fi dé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wo ojú ọ̀nà,

Fádípẹ̀