Òwú Tí Màmá Ń Rán Mọ́ Aṣọ Aláṣọ

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ilo-Àwẹ́là,
                                        Sàngó-Ọ̀tà,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Ẹrẹ́nà, Ọdún 2011.

Olúkẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìwọ alára ńkọ́, ṣé o ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ bó ti yẹ, àbí ìgbà tó bá wù ọ́ lo ṣì ń rántí rẹ̀? Ní tiwa, a dúpẹ́. Ilé Màmá ni mo ṣì wà, n ó sì wà níbẹ̀ títí a ó fi ṣe àdúà ogójì ọjọ́. Nígbà tí o pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹkún kò jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó yanjú, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. Bébà kékeré kan wà tí mo ká sínú àpòòwé yìí. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì tú u.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Màmá kú, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, lórí ẹní ìkírun rẹ̀. Toyibat ọmọ mi ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì ní Ìyànà Ìyèsí. Ó rí ìyá àgbà lórí ìjókòó, ó sì rò pé àdúà ló ń ṣe lọ. Kò jẹ̀bi, nítorí àdúà Màmá a máa gùn. Mo ti bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí pé kí ló ń bá Ọlọ́run sọ tó pọ̀ tó báyẹn, ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

O kúkú mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èmi àti ìwọ la jọ ń fa omi kànga fún un nígbà tó ń fọ aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin, àwọn aṣọ tí gírísì ti mu yó. Lẹ́yìn tí o ti lọ ni ṣọ́ọ̀ṣì hù lọ́tùn-ún lósì lọ́nà Ìdírókò, tí yunifásítì náà dé, tí aṣọ funfun àti aṣọ ẹgbẹ́ akọrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí Màmá. Ó ń fọ̀, ó ń sá, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Bí àkókò ìrun bá tó, á gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, á ṣe àlùwàlá, á kírun, á sì padà sídìí aṣọ. Iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ àwa mẹ́rin láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Àwọn obìnrin kan ní mọ́ṣáláṣí bi í pé kí ló kan mùsùlùmí kan aṣọ akọrin. Ó dá wọn lóhùn pé, “Ọlọ́run ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ kí. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n wọ ìdọ̀tí lọ kí i ni?”

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn náà la sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí. Kí wọ́n tó kírun sí i lára, Àlùfáà Fàtáì kéde pé bí ohun olóhun kan bá wà lọ́wọ́ ìyá yìí, kí olóhun yọjú sí àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé ohun olóhun kì í jẹ́ kí òkú sinmi. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní aṣọ akọrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà nílé, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti lọ̀ wọ́n, n ó sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà fún ẹni tó ni ín. Ohun tí Màmá fi ń yangàn ni pé láti ọdún méjìlá tí òun ti ń fọ aṣọ wọn, ẹnì kankan kò gbé aṣọ ẹlòmíràn lọ sílé rí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi ni yóò ti bàjẹ́.

Àmọ́ o mọ̀ mí. Ìwọ lo sọ mí ní Ìyá Ìmọ́tótó nílé ìwé. Ní ọjọ́ kejì, mo kó àwọn aṣọ náà jáde, mo ń yẹ̀ wọ́n wò bí tíṣà tó ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo rí i pé abẹ́ ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan ní ìfọ́nrán òwú tí wọ́n ta ní kókó, òmíràn pupa, òmíràn funfun, òmíràn búlúù. Mo ní ojú arúgbó ò ríran dáadáa mọ́ ni. Mo mú abẹ, mo gé gbogbo wọn láìku ẹyọ kan. Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ ìkẹyìn Màmá ti wá dán gbinrin.

Toyibat wọlé, ó rí abọ́ òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní ìyá àgbà kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, òwú yẹn ló fi ń mọ aṣọ oníkálukú. Aṣọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àwọ̀ àlùkò kan náà, rírán kan náà. Olúkẹ́mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo ìwé tí obìnrin yẹn fọṣọ rán mi kà, n kò fi mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ bèèrè.

Ní ọjọ́ Sátidé, a kó aṣọ náà lọ síbi tí àwọn akọrin ti ń dánrawò. Mo dúró níwájú wọn, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe, mo sì ní kí wọ́n má bínú sí òkú, èmi ni kí wọ́n bínú sí. Arákùnrin Cornelius, olórí wọn, ló kọ́kọ́ gbé aṣọ kan wọ̀, kò sì dé orúnkún rẹ̀. Ẹ̀rín sọ. Ni wọ́n bá ń wọ̀, tí wọ́n ń bọ́, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan fi àpò tó ya mọ tirẹ̀, ẹnì kan fi ibi tí àbẹ́là ti jó o. Nígbà tí ìpè ìrun àlàásárì fi máa dún lókèèrè, aṣọ gbogbo ti bá ẹni tó ni ín. Mo dúpẹ́, mo gbé báàgì mi.

Arábìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́wùnmí di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, aṣọ ti dé. Òwú wa ńkọ́?”

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Òwú náà wà nínú báàgì mi, nínú ọ̀rá, nítorí ọwọ́ mi kò gbà láti dà á nù. Mo tú u sórí tábìlì, ó sì mú funfun kan tó ní kókó méjì. Ó ní ọdún kẹsàn-án tí òun ti ń wá ọmọ ni òun kọ́kọ́ gbé aṣọ wá fún Màmá. Màmá bi òun pé kí ni òun ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ta kókó kan, ó sì ṣèlérí láti máa dárúkọ òun nínú àdúà. Nígbà tí Tamílọ́rẹ ọmọ rẹ̀ dé, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún Màmá ló ti ta kókó kejì. Ephraim tó ń wáṣẹ́ nígbà kan mú aláwọ̀ ewé. Bí wọ́n ṣe ń mú un nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tó ń mú kí àdúà Màmá gùn.

Wọ́n ní kí n rán an padà. Mo jókòó, mo gba abẹ́rẹ́, mo ń bèèrè orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan kí n tó gún aṣọ rẹ̀. Rírán mi wọ́, kò sẹ́ni tó bá mi wí. Lọ́jọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Àlùfáà Fàtáì bèèrè bóyá mo ti dá ohun olóhun padà. Mo ní aṣọ ti padà, orúkọ ló kù lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n yáa máa tètè jí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o kí Gbọ́ládé àti àwọn àbúrò rẹ̀. Toyibat ní kí n kí ọ. Òun ló gbé agolo kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá lánàá. Òwú àwọn tó ti kó kúrò ládùúgbò ló wà nínú rẹ̀, tí Màmá máa ń tú sílẹ̀ ní gbogbo Jímọ́ọ̀ láti dárúkọ wọn. Toyibat mú pupa kan tó ti ṣí jáde, ó ní Màmá ti sọ fún òun rí pé ara aṣọ tí ìyá àgbà fọ̀ fún Àǹtí Olúkẹ́mi kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ sí Iléṣà ni wọ́n ti yọ ọ́. Kókó mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Ìgbàkigbà tí mo bá wá sọ fún un pé o ti bímọ ló ń ta ọ̀kan.

Ó yá, tú bébà kékeré yẹn.

Èmi ni tìrẹ, Ìyá Ìmọ́tótó tí ojú tì,
Fàtímọ̀.