Ohun Tí Ọkọ̀ Kejì Béèrè

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Ẹni Omi ti lọ. Ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, inú ìwé yìí nìkan. Ẹnu mi ò lè pè é síta.

Ọkọ̀ wọn gbéra láàárọ̀. Ó fọwọ́ kan etí mi lẹ́nu géètì, ó ní, "Rò ó dáadáa o." Ohun tó ní kí n rò nìyí: ọdún tó fọwọ́ sí lọ́dọ̀ àwọn ológun ojú omi ti fẹ́ parí. Bó bá tún fọwọ́ sí i, ọdún márùn-ún míì lórí òkun nìyẹn. Bí kò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ wà fún un ní ilé ẹrù wọn létíkun níbí, á máa sùn sílé. Kí oṣù yìí tó tán ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ó ní èyí tí mo bá sọ lòun máa ṣe.

Mo ní, "Ohun tó bá wù yín ni."

Irọ́ ni. Mi ò mọ ìdí tí ẹnu mi fi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Àárín bẹ́ẹ̀dì ni mo sùn sí. Ó fẹ̀ jù.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ilé àwọn òbí rẹ̀ la jọ ń gbé. Bàbá rẹ̀ náà ti ṣe ológun ojú omi rí, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ tó ń gbé epo, omi àti oúnjẹ lọ bá àwọn ọkọ̀ yòókù láàárín òkun ni Bàbá máa ń tù, kí àwọn yẹn má bàa máa sáré wálé. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń wá jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án: Bàbá Búrẹ́dì, tó ń dáná fún wọn nínú ọkọ̀, àti Bàbá Gíga, tó ń mójú tó okùn. Mo máa ń gbé tíì fún wọn, màá kí wọn, màá sá padà sí ilé ìdáná. Àmọ́ ilẹ̀kùn ibẹ̀ ò pa dé dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbọ́.

Lónìí, Bàbá Búrẹ́dì ń sọ bí wọ́n ṣe ń yan búrẹ́dì nígbà tí ìgbì bá ń gbé ọkọ̀ sókè sódò. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ìyẹ̀fun náà máa ń wú sí, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn.

Bàbá Gíga ní, "Ṣé búrẹ́dì lẹ pe ìyẹn? Òun la fi há ilẹ̀kùn kó má bàa máa gbá!"

"Ìwọ lo jẹ ẹ́ jù, olójúkòkòrò yìí."

Màmá, ìyá ọkọ mi, gbé abọ́ wọn, ó di ẹ̀yìnkùlé. Bí ìtàn òkun bá ti bẹ̀rẹ̀, Màmá á dìde.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé epo fún ọkọ̀ míì láàárín òkun! Àwọn ọkọ̀ méjèèjì kì í dúró. Wọ́n á máa sáré lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n á fi ìbọn kan yin okùn tín-ín-rín sọdá. Tín-ín-rín á fa èyí tó nípọn, ìyẹn á fa èyí tó tún nípọn jù ú lọ, títí rọ́bà gígùn tí epo ń gbà kọjá á fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Bàbá ò gbọdọ̀ gbójú kúrò. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, omi àárín wọn á fa wọ́n lu ara wọn. Bí wọ́n bá jìnnà jù, okùn á já.

Bàbá Gíga ní ariwo omi ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ẹnì kejì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ kan. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pàdé, á juwọ́ sí òun, òun náà á juwọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn ò pàdé lórí ilẹ̀ rí. "Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tó kọ́kọ́ hu ewú."

Mo sún sí ẹ̀gbẹ́ tèmi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fi àárín sílẹ̀ fún omi. Ìrọ̀rí Ẹni Omi ń bá mi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra ń lọ, èmi náà rọra ń lọ. Mo juwọ́ sí i. (Orí mi kọ́ ló dàrú o.)

Ọjọ́rú, 12

Bàbá ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé ọmọ àwọn máa dé ibi tí àwọn ò dé. "Ẹ fún un ní ọdún márùn-ún sí i, òun ni yóò máa pàṣẹ níbẹ̀." Wọ́n yíjú sí mi, ayọ̀ ń tàn lójú wọn. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyàwó wa?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ wo èmi náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Òjò. Kò pè. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í dé ibi tí wọ́n wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ojú tì mí lónìí! Kí n kọ ọ́ kó tó tutù.

Bàbá ní bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ wá gba ẹrù, á kọ́kọ́ ránṣẹ́ sọ ohun tó fẹ́. Ọ̀gá tuntun kan wà nínú ọkọ̀ kan, ọ̀dọ́mọdé, tí ìgbéraga ń dà láàmú. Kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé òun ṣi nǹkan inú ọkọ̀ òun ṣírò. Ó ní epo àti omi nìkan. Bẹ́ẹ̀ ọṣẹ ti tán lọ́wọ́ wọn pátápátá! Wọ́n gba epo, wọ́n gba omi, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n máa fi padà wá —

Bàbá Búrẹ́dì ní, "Òórùn wọn ló kọ́kọ́ dé. Ọkọ̀ wá tẹ̀ lé e."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi nínú ilé ìdáná. Wọ́n gbọ́ mi ní pálọ̀.

Bàbá ní, "Ta nìyẹn?"

Bàbá Gíga ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, òórùn yẹn ló ti dé ọ̀dọ̀ ìyàwó."

Aṣọ ìnuwọ́ ni mo fi bojú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ kó ife, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lẹ́nu. Mo béèrè. Èmi! "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò sí ọṣẹ nínú ọkọ̀ tiyín ni?"

"Kò sí kẹ̀? Ó kún dé àjà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fún wọn?"

Bàbá wò mí bí ẹni tí kò tíì rí mi rí. Wọ́n ní, "Wọn ò béèrè. Lórí òkun, a kì í báni rò ó, ìyàwó. Ohun téèyàn bá béèrè la máa gbé fún un."

Láti ìgbà náà, ara mi ò balẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Èmi àti Màmá jọ fọṣọ. Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi máa ń dìde. (Mo ti ń béèrè nǹkan báyìí!) Wọ́n ní, "Ìdajì ìtàn yẹn ni wọ́n ń sọ. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí wọ́n ń juwọ́ síra wọn lórí omi yẹn, èmi nìkan ni mo gbé ọkọ rẹ sẹ́yìn, tí ibà ń ṣe é."

Mo ní ṣé Màmá sọ fún Bàbá pé kí wọ́n wálé.

Wọ́n fún aṣọ náà títí omi fi tán lára rẹ̀. "Èmi? Mo ní ohun tó bá wù yín ni."

Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an. Lẹ́nu Màmá.

Wọ́n ní, "Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀? Ẹ̀rín ni mo máa ń rín ní géètì."

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Mo lálàá pé mo wà lórí ọkọ̀. Ẹni Omi wà lórí èkejì. Òkun funfun bíi wàrà. Mò ń pè é, mò ń pè é. Ariwo omi.

Ọjọ́rú, 26

Ó pè, ọkọ̀ wọn ti sún mọ́ etíkun. Ojú fèrèsé pálọ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń dé, gbogbo wọn sì jókòó síbẹ̀. Bàbá kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, wọ́n wá na fóònù sí mi.

Ó ní, "Ṣé o ti rò ó?"

Mo gbọ́ tí ẹnu mi bẹ̀rẹ̀: "Ohun tó bá —" Mo gbé e mì. Mo ní, "Ẹ má fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ kí ẹ wálé. Mo fẹ́ máa rí yín lójoojúmọ́." Mo pariwo ẹ̀. Ó dà bíi pé ẹlòmíì ló ń sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó rẹ́rìn-ín ni àbí ó sunkún. Fóònù náà já.

Bàbá dìde, wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn tẹ̀ lé wọn. Màmá wá kó ife. Wọ́n fọwọ́ tẹ̀ mí léjìká.

Ọjọ́bọ̀, 27

Mo kí Bàbá. Wọn ò dáhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Ẹ̀yìnkùlé ni ohùn ti ń wá. Bàbá ní, "Ìwọ náà ńkọ́? Nígbà yẹn. Ṣé o fẹ́ kí n wálé?"

Màmá ní, "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń béèrè."

"Mò ń béèrè."

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà, Bàbá ló ń fa omi fún Màmá. Ní ìrọ̀lẹ́ mo tún kí wọn. "Ìyàwó wa," ni wọ́n ní, "o kú iṣẹ́."

Ọjọ́ Àìkú, 30

Ó ti dé! Àná ló dé. Ó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń yí. Ọ̀la ló máa bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹrù.

Láàárọ̀ yìí ó dúró lójú fèrèsé, ó ń gbọ́ afẹ́fẹ́. Mo bi í bóyá òkun tó fi sílẹ̀ ń dùn ún. Ó ní, "Ó ń dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún ẹ." Ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Kí lo tún fẹ́?"

Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní mo fẹ́ iná kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí mò ń sùn sí. Mo ní mo fẹ́ padà sí ilé ìwé, tìrọ̀lẹ́. Mo ní mi ò fẹ́ràn bó ṣe ń ju ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Mo ní mo fẹ́ ajá. Tíì ti tutù, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó ń gbọ́ mi. Ohùn mi ti há.

Mo ní kó jẹ́ kí n yára kọ èyí. Ó ti tún ń pè mí. Mi ò tíì sọ àwọ̀ ajá náà fún un.