Àgbàdo Funfun Tí Ìyá Dì Fún Ọ

Ilé Ìyá Chakirou,
Manigri, lọ́nà Bassila.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, 2024.

Moufidatou, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé ara le? Bàbá Nassirou ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Nassirou fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Àwọn ará Doguè ńkọ́, àti òjò ọ̀dọ̀ yín? Kí Ọlọ́run ṣọ́ gbogbo yín. Àwa náà wà. À ń sùn, à ń jí. Ó rẹ̀ mí ni, ọ̀rẹ́ mi. Ó rẹ̀ mí dé egungun.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ. Bàbá Zouléha ló ni tẹlifóònù, tí mo bá sì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo ilé ló ń gbọ́. Ìwọ̀nba ìwé tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì àwọn ìyá ni mo fi ń kọ èyí, tí o bá rí àṣìṣe, fojú fò ó. Kassimou tó ń wa mọ́tò wá sí ọjà yín ló máa gbé e fún ọ. Má jẹ́ kí ẹlòmíì kà á.

O rántí bí Zouléha ṣe rí nígbà tí o wá kí wa lẹ́yìn ààwẹ̀. Ìwọ lo sọ ọ́ pé irun orí rẹ̀ ń pọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì mú okùn pẹlẹbẹ kan, ó fi wọn apá rẹ̀. Okùn yẹn ní àwọ̀ ewé, ó ní àwọ̀ ìyeyè, ó ní pupa. Apá ọmọ mi bọ́ sí pupa. Mi ò mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àmọ́ bó ṣe tún apá náà wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, mo mọ ohun tí pupa jẹ́. Ó ní ògì àgbàdo funfun tí mo ń fún un lójoojúmọ́ ń kún un níkùn lásán ni. Obìnrin kan láti pùrójẹ́ tó ń rí sí oúnjẹ àwọn ọmọdé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń fún àwa ìyá ọlọ́mọ ní irúgbìn àgbàdo tuntun kan, agolo tòmátì méjì méjì. Àgbàdo náà pọ́n bí inú ẹyin. Ó ní kí á gbìn ín, kí á máa fi ṣe ògì fún ọmọ, pé ohun tí ojú àti ara ọmọ ń fẹ́ wà nínú rẹ̀.

Àmọ́ o mọ Ìyá ọkọ mi yìí lórí ọ̀rọ̀ irúgbìn. Ọwọ́ rẹ̀ lo dàgbà sí. O mọ̀ pé èyí tó funfun láti ìdí dé orí nìkan ló ń so rọ̀ sókè ààrò kí èéfín máa fẹ́ ẹ. Àgbàdo tó ń tètè gbó nìyẹn, òun la máa ń jẹ kí iṣu tuntun tó dé. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ tó ní irúgbìn àlejò kankan ò ní wọ oko òun níṣojú òun. Mo sì mọ̀ pé ìyàwó tó ṣáájú mi nílé yìí ti padà sí Bassila, àti pé ọmọ rẹ̀ ò bá a lọ.

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò lè sọ ọ́, mi ò sì lè da irúgbìn náà nù. Ni mo bá gbìn ín sí àárín gbùngbùn oko àgbàdo Ìyá, lẹ́yìn òkìtì ọ̀gán ńlá yẹn, ọjọ́ kan náà tí a gbin tirẹ̀. Mo rò pé tí àgbàdo bá yí i ká, ta ló máa rí i? Èmi nìkan ló ń ro ibẹ̀. Nígbà tó gbó, mò ń ya á lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń gbé e wálé lábẹ́ aṣọ. Zouléha ń la ọwọ́ rẹ̀ tó bá mu ògì rẹ̀ tán. Lóṣù tó kọjá, okùn nọ́ọ̀sì kúrò ní pupa, ó dé àwọ̀ ìyeyè. Kò tíì dé àwọ̀ ewé.

Oyún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ bò. Lọ́jọ́ tí a kó àgbàdo Ìyá wálé, gbogbo wa jókòó yí i ká, à ń bó o. Èyí tí Ìyá kọ́kọ́ bó, ẹyọ pupa wà láàárín funfun bí eyín ẹni tó jẹ obì. Ó bó òmíì, bákan náà. Rabiatou, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá Zouléha, ní ó jọ pé àgbàdo Ìyá ti lọ yan àlè. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń bó tèmi lọ. Obìnrin pùrójẹ́ ló wá là mí lóye lẹ́yìn náà: afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú orí àgbàdo kan lọ sí irun èkejì. Àárín tí mo rò pé mo fi pamọ́ sí gan-an ló jẹ́ kó kan gbogbo rẹ̀.

Ìyá dìde. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sóko. Nígbà tó dé, ó gbé àgbàdo pupa kan ka iwájú mi, èyí tí mo fi sílẹ̀ kó gbẹ, ó sì wọlé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ó ní hùn. Mo di aṣọ Zouléha sínú àpò kan, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mò ń ronú bí màá ṣe gbé ọmọ mi sá lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Pénéssoulou. Ojú Ìyá ni mò ń wò látàárọ̀ dalẹ́, bí ẹni tó ń wo òjò.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó pè mí síbi tó ti ń wá irúgbìn. Gbogbo àgbàdo oko yẹn, mẹ́rin péré ló mọ́, kòkòrò sì ti jẹ méjì níbẹ̀. Zouléha wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó di apá ọmọ náà mú bí nọ́ọ̀sì ṣe ń dì í.

Ó ní, “Ọmọ mẹ́ta ló kú mọ́ mi lọ́wọ́, Rissikatou. Àgbàdo funfun kún àká mi nígbà yẹn.”

Ó ní, “Ká ní o sọ fún mi ni, ilẹ̀ wà lódìkejì odò. Ṣé ẹranko ni mo jọ lójú rẹ?”

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kó nà mí lọ. Ó ní pupa máa wà lódìkejì odò láti ọdún tó ń bọ̀. Àmọ́ funfun yẹn, ìyá òun ló gbé e lé òun lọ́wọ́, òun ò ní kú kó wá jẹ́ pé ọwọ́ òun ló ti tán. Ó ní kí n lọ wá a wá kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ nìyí. Lọ́jọ́ tí ò ń lọ sílé ọkọ, àgbàdo funfun mẹ́fà ni Ìyá dì mọ́ etí aṣọ rẹ. Mi ò mọ ẹlòmíì tó ní in. Mẹ́fà nínú ọmọ wọn ni mò ń bẹ̀ ọ́ fún. Tí mẹ́fà ò bá sí, fún mi ní mẹ́ta.

Àmọ́ obìnrin pùrójẹ́ sọ fún mi pé àwọn dé Doguè náà, pé gbogbo ìyá ọlọ́mọ ló gbà. Láti ìgbà yẹn, oko tìrẹ ni mò ń rò. Tí wọ́n bá fún ìwọ náà, jọ̀ọ́, sọ ibi tí o gbìn ín sí fún mi. Bó èèpo rẹ̀ wò dáadáa kí o tó dì í. Tí o bá rí ẹyọ pupa kan ṣoṣo, má fi ránṣẹ́. Kọ ọ́ sínú ìwé, fún Kassimou. Màá mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún Ìyá. Lọ́tẹ̀ yìí, màá sọ ọ́.

Bá mi kí bàbá Nassirou, kí o gbá Nassirou mọ́ra fún mi. Zouléha ń kí yín. Ìgbà tí mo wọ ilé yìí, o ní kí n má pè ọ́ ní ọkọ mi, pé ọ̀rẹ́ ni àwa méjèèjì. Ọ̀rẹ́ náà ni mò ń ké pè. Àpò yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò tíì tú u.

Tìrẹ ni mí, ojú mi wà lọ́nà,

Rissikatou, ìyá Zouléha.