Bọ́tìnnì Pupa Tí O Fi Sínú Fóònù Mi

Garrett ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun kánú? Ara èmi àti bàbá rẹ le, àfi egungun ìbàdí rẹ̀ tí dókítà pààrọ̀, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọlọ́run tó mú wa la òtútù Wisconsin já á mú ìwọ náà la Washington já, níbi tí mo gbọ́ pé àwọn èèyàn kì í kí ara wọn lórí àtẹ̀gùn. Yìnyín ti ń yọ́, ẹrẹ̀ ti gba gbogbo ọgbà, Petunia màlúù wa sì bí ìbejì, abo ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé rèé. Nígbà tí o wá ní Kérésì, o gba fóònù mi, o fi nǹkan ẹgbẹ́ yín sínú rẹ̀, Ẹgbẹ́ Ẹ Dín Iye Àlejò Kù, àwọn tó ń wá láti òkèèrè lẹ ń pè ní àlejò, o ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì pupa yẹn lójoojúmọ́, pé á gbé ohùn mi dé Washington. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀, mi ò purọ́ mọ́ ọ. Mo wá ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ tí a bá ti fún wàrà tán. Ọmọbìnrin kan ló máa ń gbé e, Brenna lorúkọ rẹ̀, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Mo rò pé akọ̀wé rẹ ni. Mo ń bi í bóyá o wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, mo ń sọ iye wàrà tí a rí fún un, mo tilẹ̀ kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń ṣe páì àpù. Á ní, ẹ ṣé, Màámà, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, aṣòfin á gbọ́. Mo ní háà, wọ́n ti fi ọmọ mi jẹ aṣòfin, kò tiẹ̀ sọ fún wa!

Nígbà tó yá ni lẹ́tà yín dé, àwòrán rẹ wà lórí rẹ̀, ò ń rẹ́rìn-ín. “Ọ̀rẹ́ wa ọ̀wọ́n.” Garrett, ọ̀rẹ́ ta? Wákàtí mọ́kàndínlógún ni mo fi rọbí rẹ! O ní kí n fi dọ́là márùndínlọ́gbọ̀n ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́, torí mo rò pé ebi ń pa ọ́ ni. O tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé àgbègbè tiwa ló ké sí aṣòfin jù, nígbà àádọ́rùn-ún, àti pé aṣòfin ní igbe ará ilé ti pọ̀ létí òun, òun á dìbò tẹ̀lé yín. Orí mi wú. Lọ́jọ́ Àìkú mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìfilọ̀, mo kà á sókè ketekete. Pásítọ̀ ń wo bàtà rẹ̀. Anselmo jókòó lẹ́yìn, Anselmo tó ti ń bá wa fún wàrà láti ọdún méje tí o ti kúrò nílé. Kọfí ló máa ń bá wa débẹ̀ mu.

Ọjọ́ kejì ló ní òun ń padà sí Veracruz, ìlú rẹ̀ ní Mẹ́síkò, lọ́jọ́ Sátidé. Kò bínú. Ó kàn béèrè ẹni tó máa tọ́jú ìbejì Petunia ni. Mo ní ṣé a ṣẹ̀ ọ́ ni? Ó ní rárá, Màámà, wọ́n ní a ti pọ̀ jù. Mo wò ó tòkètilẹ̀, mo kà á, ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Mo fi ẹkún tẹ bọ́tìnnì, mo ní kí Brenna sọ fún Garrett kó wá bá mi bẹ Anselmo. Ọmọ náà ní, Màámà, ta ni Garrett? Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé ọ́fíìsì aṣòfin ni mo ń pè, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá gba ojú bọ́tìnnì yẹn wá, wọ́n á kọ ọ́ pé ó ní kí wọ́n dín àlejò kù, ohun yòówù kó sọ. Ó bá mi wò ó. Nínú àádọ́rùn-ún, mẹ́rìnléláàádọ́rin jẹ́ tèmi. Bàbá rẹ ló tẹ mọ́kànlá, àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ló ń wá nínú fóònù. Mo ní kó pa á rẹ́, ó ní kò ṣeé pa rẹ́, pé bí mo bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn kí n pe nọ́ńbà gidi, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Mo ti pè lẹ́ẹ̀mejì láti fi pa tèmi rẹ́. Ó ku méjìléláàádọ́rin, Sátidé sì ku ọjọ́ mẹ́rin.

Bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ rẹ kò burú tán, pé láyé òun, owó fífún wàrà ń bọ́ odindi ilé kan, àti pé bí àlejò bá dín, owó á gòkè, ọmọ ilẹ̀ á wá ṣe é. Ó dáa. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ egungun rẹ̀, a fowó kún un, a lẹ ìwé mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Ọmọ Halvorson nìkan ló wá, ẹni ogójì ọdún. Lọ́jọ́ kẹta ó ní àwọn màlúù kò fẹ́ràn òun, ó lọ.

Jọ̀ọ́, dá dọ́là márùndínlọ́gbọ̀n mi padà, kí o bu díẹ̀ lé e, dókítà ẹran ń bọ̀ wá wo ọmú Petunia. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ nǹkan kan ju owó lọ. Bàtà òjò rẹ tí o fi sílẹ̀, Anselmo ni mo fún láti ọjọ́ tó ti dé. Lánàá ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Wálé kí Sátidé tó pé, kí o fọwọ́ ara rẹ gbé e fún un, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Bí o bá sì rí i tán tí o ṣì ní kó máa lọ ló dáa, mi ò ní bá ọ jà. Ẹsẹ̀ rẹ ló kọ́kọ́ wọ bàtà náà, ọgọ́ta màlúù á sì máa retí rẹ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. O ò ní di àlejò nílé bàbá rẹ láé.

Èmi ni ìyá rẹ, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ ọ̀wọ́n,
Ardis Tollefsrud